Ẹ̀rí Alágbàfọ̀

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: Ráímì Àjàdí, alágbàfọ̀,
Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́, ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tésàn.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń lọ aṣọ ọlọ́pàá.
Mo mọ èyí tó ń làágùn lábíyá,
mo mọ èyí tí sìgá ń jó àpò rẹ̀,
mo mọ iye bọ́tìnnì tó kù lára ṣẹ́ẹ̀tì Inspẹ́kítọ̀ Fágbohùn.
Ẹni tó ń fọ aṣọ ènìyàn, kí ló kù tí kò mọ̀?

Ẹ ní kí n sọ ohun tí mo rí.
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi lómi díẹ̀ ná.

Ọjọ́rú ni, lásìkò tí máńgòrò ń já lu páànù bí òkò.
Wọ́n mú Ìyìọlá, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ní Sábó.
Wọ́n ní fóònù ọwọ́ rẹ̀ tóbi ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ.
Láti ṣọ́ọ̀bù mi ni mo ti rí i, ó ń fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú,
wọ́n ti gba bẹ́líìtì rẹ̀.
Ìyá rẹ̀ jókòó sídìí ògiri tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé
BÉÈLÌ Ọ̀FẸ́ NI.
Ọ̀dà náà ṣì tuntun.
Obìnrin náà kò mọ̀wé. Ó fi ẹ̀yìn ti "ọ̀fẹ́",
ó ń ka owó tó lọ yá.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, kọ́ńsítébù kan gbé aṣọ wá.
"Bàbá, ẹ bá wa fọ̀ ọ́ kíá. Ọ̀gá ń lọ sí Ìbàdàn."
Etí apá ṣẹ́ẹ̀tì náà ti gan.
Mo rò pé ẹ̀kọ ló dà sí i.
Mo fi omi kàn án, omi pọ́n.

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ kọ ọ́:
èmi ni mo fọ̀ ọ́.
Iyọ̀ àti omi tútù ni,
nítorí omi gbígbóná a máa se ẹ̀jẹ̀ mọ́ aṣọ. Ìyá mi ló kọ́ mi.
Mo fọ̀ ọ́ títí omi fi mọ́,
mo fi sítáàṣì sí i, mo lọ̀ ọ́ títí etí rẹ̀ fi lè gé ọṣẹ,
mo gba ẹgbẹ̀ta náírà.
Inspẹ́kítọ̀ wọ̀ ọ́ lọ sí Ìbàdàn,
ó mọ́ nini, bí ẹni tí kò fọwọ́ kan ọmọ ọlọ́mọ rí.

Lánàá, níwájú yín, ó ní òun kò mọ ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ Ìyìọlá.
Ó ní kí ẹ wo ìwé tésàn.
Ẹ wò ó. Ojú ewé kọkànlélógójì, ẹ ṣí i, ó di kẹtàlélógójì.
Ọmọ tí kò sí nínú ìwé, òun ló jókòó lọ́hùn-ún yẹn,
tí kò lè ká ọwọ́ òsì.
Wẹ́dà wo ló ń fi ọwọ́ kan ṣoṣo di irin, tó tún ń fi í di iná?

Èyí ni mo bá nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì náà.
Mo fi sínú agolo Mílò, mo gbé e pamọ́ sẹ́yìn àpò èédú.
Orúkọ mọ́kànlá, owó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ̀ọ̀kan.
Ẹ wo ìkẹrin: Ìyìọlá, ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún. Ó ti pé.
Ẹ wo ọwọ́ ìkọ̀wé náà,
kí ẹ fi wé èyí tó fi bọwọ́ lùwé fún yín lánàá.

Ẹ bi mí ìdí tí mo fi dákẹ́ fún oṣù méje.
Ọmọ mẹ́rin. Ṣọ́ọ̀bù kan. Tésàn ní ọ̀ọ́kán.
Mi ò ní ìdáhùn tó dára ju ìyẹn lọ, ìyẹn gan-an kò sì dára.
Bí ẹ bá ń pín ẹ̀bi, ẹ má fò mí.

Wọ́n ní ká padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngán, Fágbohùn dúró tì mí, ó rẹ́rìn-ín:
"Bàbá Ráímì, aṣọ mi dà?"

Ó wà lórí okùn. Òjò ti pa á lẹ́ẹ̀mejì.
Mi ò ní lọ̀ ọ́.